Ohùn Ń Kọrin, Máìkì Wà Níbàdí: Alẹ́ Tí Ashlee Simpson Lọ Kọrin Lórí Saturday Night Live

Alẹ́ Sátidé ni, ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2004, nílùú New York. Jude Law, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ló ń darí ètò àwàdà Saturday Night Live lórí tẹlifíṣàn NBC lálẹ́ ọjọ́ náà, Ashlee Simpson sì ni olórin tí wọ́n gbà lálejò. Orin méjì ni olórin máa ń kọ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, "Pieces of Me", lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò fura sí nǹkan kan, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, eré àwàdà tún ń bá a lọ. Ìgbà tó padà wá fún ìkejì lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. "Autobiography" ló yẹ kó kọ. Báàńdì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórin ni, Ashlee dúró, ó ń retí ibi tó ti máa gbẹ́nu lé e, àfi bí ohùn Ashlee fúnra ẹ̀ ṣe bú jáde látinú ẹ̀rọ, "Pieces of Me" tó ti kọ tán lẹ́ẹ̀kan ló tún ń kọ! Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀ nínú fídíò yẹn. Máìkì wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ẹ̀, kò tíì gbé e dé ẹnu rárá, ohùn ẹ̀ sì ń kọrin lọ ní tiẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ ò pẹ́, àmọ́ ó gùn lójú ẹni tó ń wò ó. Wọ́n tètè pa ohùn náà nídìí ẹ̀rọ. Báàńdì ò dúró, wọ́n ń lù ú lọ láìsí ẹni tó ń kọ ọ́. Ojú Ashlee dà rú, kò mọ ibi tó máa yà sí, ló bá ki ijó kan mọ́lẹ̀, ijó tó ń gbẹ́sẹ̀ sókè gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ bíi ti àwọn ará oko Amẹ́ríkà, ó jó o díẹ̀, ó rí i pé ijó ò lè gba òun, ló bá yíra padà ó kúrò lórí sítéèjì. Báàńdì ṣì ń lù. Kámẹ́rà ò rí olórin tó máa dojú kọ mọ́, wọ́n sì já sí ìpolówó ọjà. Ọmọ ọdún 20 ni Ashlee nígbà yẹn, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ṣe ọjọ́ ìbí ẹ̀ o.

Nígbà tí ètò parí tí gbogbo wọn tò sórí sítéèjì láti kí àwọn èèyàn pé ó dàárọ̀, Ashlee dúró ti Jude Law, ó tọrọ àforíjì, ó ní báàńdì òun ló gbé orin tí kì í ṣe orin tó kàn, òun ò mọ ohun tóun máa ṣe lòun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀, ó dùn mí ju ohùn inú ẹ̀rọ yẹn lọ. Àwọn tó ń ta gìtá lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, àwọn ni wọn ò sá. Ìdajì òótọ́ ló sọ, torí ẹnì kan nínú báàńdì ló ṣì í lóòótọ́, a máa débẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì tó kù tí kò sọ ni pé ohùn wà nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó lè ṣì í.

Ẹlòmíì lè bi mí pé kí ló tiẹ̀ wá burú níbẹ̀, ṣebí ọjọ́ pẹ́ tí àwọn olórin ti ń máìmù lórí tẹlifíṣàn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ètò American Bandstand tí Dick Clark ń ṣe, rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbé sí i, olórin á máa ṣí ẹnu tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ á máa jó, kò sẹ́ni tó pè é ní ìrẹ́jẹ. Top of the Pops ti BBC náà bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1964 tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olórin fi ń máìmù níbẹ̀, ó di ọdún 1991 kí wọ́n tó yí òfin padà pé kí olórin máa fi ohùn ara ẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tó ń wo àwọn ètò yẹn mọ ohun tóun ń wò. Àmọ́ Saturday Night Live yàtọ̀, torí orúkọ tí wọ́n fún ara wọn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1975 tí Lorne Michaels ti dá a sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń tà fún aráyé ni pé ojú ẹsẹ̀ ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀, aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́, ní Studio 8H nínú ilé ńlá 30 Rockefeller Plaza, èrò jókòó síwájú wọn, wọ́n sì ń pariwo ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé láti New York ni, láìfù ni. Òṣèré tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀, aráyé á rí i. Ẹ̀rín tó bá bọ́ lẹ́nu ẹni tí kò yẹ kó rẹ́rìn-ín, aráyé á rí i. Àdéhùn tó wà láàárín wọn àti ẹni tó jókòó sílé nìyẹn, wàyí o, olórin wá gbé ohùn tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọbẹ̀.

Ta ni Ashlee gan-an? Àbúrò Jessica Simpson ni, Jessica ti gbajúmọ̀ ṣáájú ẹ̀. Bàbá wọn, Joe Simpson, ti ṣe òjíṣẹ́ Ọlọ́run láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi rí kó tó wá di mánéjà àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì. Lóṣù kẹfà ọdún 2004, MTV bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò kan jáde tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé Ashlee kiri bó ṣe ń ṣe álíbọ́ọ̀mù ẹ̀ àkọ́kọ́, oṣù tó tẹ̀ lé e ni álíbọ́ọ̀mù náà jáde lábẹ́ iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Geffen, òun náà ń jẹ́ Autobiography, ẹ̀dà bíi 398,000 ni wọ́n rà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard. Kí ẹ fọkàn sí ètò MTV yẹn o. Ohun tí wọ́n fi polówó ọmọbìnrin yìí ni pé ẹni gidi ni, kò dà bí àwọn olórin pọ́ọ̀pù tí iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ń tò bí bèbí, onígìtá àti onílù wà lẹ́yìn ẹ̀, òun náà wà níbi tí wọ́n ti ń kọ orin ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké fẹ́ràn ẹ̀ torí ìyẹn. Nítorí náà ìgbà tí ohùn yẹn jáde láìsí ẹnu níbẹ̀, orí ohun tí wọ́n fi ta á gan-an ló bọ́ lé.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kásẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n ń fi sẹ́nu ẹ̀rọ, tí gbogbo àwọn tó kù á kàn máa ṣe bí ẹni ń lu ìlù. Rárá o. Báàńdì pọ́ọ̀pù òde òní, wọ́n máa ń to àwọn nǹkan tí èèyàn mẹ́rin márùn-ún ò lè dá ṣe sínú kọ̀ǹpútà, dùùrù tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, gìtá kẹta, ohùn àwọn elégbè tí wọn ò kó wá. Orin kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tiẹ̀. Onílù ló sábà máa ń jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, ìdí sì ni pé òun ló ń ka oókan-eéjì kí orin tó gbéra, ó máa ń fi nǹkan sétí, ẹ̀rọ á máa lu ko-ko-ko sí i létí kó má baà sáré ju fáìlì lọ, kó má sì fà sẹ́yìn, gbogbo báàńdì ló sì ń tẹ̀ lé e. Nínú fáìlì yẹn náà ni wọ́n lè fi ohùn olórin fúnra ẹ̀ sí, ohùn tó ti kọ sílẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ yá. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ohùn ló kù sí lọ́wọ́. Tí olórin bá ń ṣe dáadáa, ó lè fi ohùn inú fáìlì sísàlẹ̀ pátápátá tàbí kó fi ṣe àtìlẹ́yìn díẹ̀ níbi tí orin ti ga. Tí ọ̀fun olórin bá ti bàjẹ́, ó máa gbé ohùn fáìlì sókè, ó máa rẹ ti máìkì sílẹ̀, olórin á wá máa ṣí ẹnu bó ṣe yẹ kó ṣí i. Ẹni tó wà nílé ò lè mọ̀, àfi tí fáìlì bá kọrin nígbà tí ẹnu ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Onílù ló tẹ bọ́tìnnì tí kì í ṣe òun, orin tí wọ́n ti kọ lẹ́ẹ̀kan ló tún tẹ̀. Àṣìṣe ìka kan ṣoṣo. Nínú ìlù tó ń dún àti iná tó ń kọ sójú yẹn, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ dá ọmọkùnrin yẹn lẹ́bi fún. Àmọ́ ẹ rò ó wò: bó bá jẹ́ pé dùùrù àti elégbè nìkan ló wà nínú fáìlì náà, tó sì tẹ̀ ẹ́ ṣì, báàńdì á kàn dúró, Ashlee á ní ẹ má bínú ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ sí i ni. Ohùn tó wà níbẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ó máa ní kí onílù tún un tẹ̀ ni?

Wọ́n wá ṣàlàyé lọ́jọ́ Ajé. Bàbá ẹ̀ lọ sórí rẹ́díò lọ́dọ̀ Ryan Seacrest, ó ní omi kíkan inú ikùn ló ń ru sókè sí ọmọ òun lọ́nà ọ̀fun, ohùn ẹ̀ há, kò lè kọrin, ó sì ní bí gbogbo olórin Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe ni ọmọ òun náà ṣe, kí aráyé má baà máa gbọ́ ọ kó máa kọ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun lórí tẹlifíṣàn. Ashlee fúnra ẹ̀ pe ètò TRL ti MTV lórí fóònù, ohun kan náà ló sọ, ó ní dókítà ti kìlọ̀ fún òun pé kóun má kọrin. Mo gbà á gbọ́. Àìsàn yẹn wà lóòótọ́, omi kíkan yẹn máa ń bó inú ọ̀fun níbi tí ohùn ti ń jáde, ó máa ń wú, ohùn á sì máa ya. Ẹ̀rí sì wà, ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn oníròyìn 60 Minutes ti CBS wà nínú ilé náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Lesley Stahl àtàwọn oníkámẹ́rà ẹ̀, iṣẹ́ lórí Saturday Night Live ni wọ́n wá ṣe, kì í ṣe torí Ashlee ni wọ́n ṣe wá. Kámẹ́rà wọn wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan dojú rú. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì fi hàn pé ohùn ọmọ náà ò dáa kó tó di alẹ́. Lorne Michaels ní tiẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀ pé máìmù ló fẹ́ ṣe, pé ká lóun mọ̀ ni, òun ò ní gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú nìyẹn. Ọmọ ń ṣàìsàn, dókítà ní kó má kọrin, àwọn àgbàlagbà tó yí i ká mọ̀, bàbá ẹ̀ mọ̀, kò sì sí ẹni tó rìn lọ bá ẹni tó ni ètò kó ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀fun ọmọ yìí ò dáa, ẹ wá ẹlòmíì tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọ orin kan ṣoṣo. Álíbọ́ọ̀mù wà lórí igbá, ètò yẹn ni gbogbo Amẹ́ríkà ń wò, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àǹfààní yẹn bọ́. Mo mọ bí nǹkan ṣe ń rí lóde àríyá tiwa. Olórin fújì tí ohùn ẹ̀ bá há láàárín òru, á sọ ọ́ lórí máìkì pé ohùn òun ò fẹ́ gbọ́ tòun lónìí, elégbè á gba orin lẹ́nu ẹ̀, onígángan á gbà á fún wọn, olórin á máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré pẹ̀lú àwọn tó ń ná an lówó, kò sẹ́ni tó máa bínú kúrò lóde. Orin Ashlee ò rí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin ni, gbogbo ẹ̀ ló sì dá lórí òun nìkan. Ṣùgbọ́n kéèyàn sọ̀rọ̀ kó tó gorí sítéèjì, ìyẹn ò gba elégbè.

Àwọn kan kàn ń so ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ ti Milli Vanilli, àwọn olórin méjì kan, wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà o! Rob Pilatus àti Fab Morvan, àwọn tí Frank Farian kó jọ ní Jámánì, wọn ò kọ ìlà kan nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi gba Grammy lóṣù kejì ọdún 1990, ẹlòmíì ló kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba Grammy yẹn padà lọ́wọ́ wọn lóṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Ohùn tó jáde lẹ́yìn Ashlee, ohùn Ashlee ni. Kò gbé ohùn ẹlòmíì wọ̀.

Ẹ sì wo àwọn àgbà olórin. Whitney Houston kọ orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbi Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, nílùú Tampa lóṣù kìíní ọdún 1991, ohùn tí gbogbo ayé gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, títí dòní wọ́n ṣì ń pè é ní èyí tó dáa jù. Pavarotti, olórin ọ̀pẹ́rà ọmọ ilẹ̀ Ítálì náà, níbi ìṣíde Òlíḿpíìkì Turin lọ́dún 2006, rẹ́kọ́ọ̀dù ni, ara ẹ̀ ò yá, òtútù sì mú gan-an. Èyí tó sún mọ́ ti Ashlee jù lójú tèmi ni ti Beyoncé. Ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2013 ló kọ orin orílẹ̀-èdè níbi ìbúra Obama, ariwo ta pé ó máìmù, ó dákẹ́ títí di ọjọ́ 31, ó jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní New Orleans, ó kọ́kọ́ ní kí gbogbo èèyàn dìde, ó kọ orin náà látòkè délẹ̀ láìsí ìlù láìsí ẹ̀rọ, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ pé òótọ́ ni, òun kọ ọ́ tẹ̀ lé èyí tóun ti gbà sílẹ̀, torí òun ò ráyè fi orin náà dánra wò pẹ̀lú àwọn onílù. Ọ̀rọ̀ parí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò yí i padà. Ti Ashlee, lálẹ́ ọjọ́ náà báàńdì ló jẹ̀bi, nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé ó ti di bọ́tìnnì onílù, ó tún di ọ̀fun, ó tún di pé gbogbo olórin ló ń ṣe é. Gbogbo ẹ̀ ló lè jẹ́ òótọ́ o, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan yẹn, bí irọ́ ni gbogbo wọn ṣe ń dún.

Ohun tó tẹ̀ lé e le. YouTube ò tíì sí nígbà yẹn, ọdún 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀, síbẹ̀ fídíò yẹn tàn bí iná ọyẹ́, tẹlifíṣàn ń tún un gbé, àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e gan-an ó lọ kọrin níbi àmì-ẹ̀yẹ Radio Music Awards ní Las Vegas, ó fi ohùn ara ẹ̀ kọ ọ́, èèyàn ò kà á sí. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kó má kọrin mọ́ láyé, àwọn èèyàn ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ọmọ ọdún 20 ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó wá di ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2005, wọ́n pè é sí Orange Bowl ní Miami, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì, tí USC ti fi 55 sí 19 na Oklahoma, kó wá kọrin nígbà ìsinmi àárín eré. "La La" ló kọ. Ó kígbe orin yẹn débi pé ohùn ẹ̀ ya, níbì kan kò bá ìlù lọ mọ́, ó sì hàn pé ohùn ẹ̀ ni, ẹ̀rọ kankan ò kọ ọ́ bá a. Pápá náà hó lé e lórí. Ẹ gbọ́ ariwo yẹn nínú fídíò, bó ṣe ń ga sí i bó ṣe ń parí orin, àti bó ṣe dúró níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Àwọn èèyàn tí wọ́n ní ohun tó bí àwọn nínú ni pé kò kọrin fúnra ẹ̀, ọjọ́ tó wá kọ ọ́ fúnra ẹ̀ tán ni wọ́n hó jù. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ orin ni mọ́ nígbà yẹn.

Ọmọ yẹn ò sá ṣá. Ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005 ni Saturday Night Live pè é padà, Jon Heder ló darí ètò lọ́sẹ̀ yẹn, ó kọ orin méjì, ó kọ méjèèjì parí. Lóṣù yẹn náà ni álíbọ́ọ̀mù ẹ̀ kejì, I Am Me, jáde, ó sì tún gba ipò kìíní.

Àmọ́ láti ọdún 2004 títí dòní, tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ máìmù, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá. Wọn kì í dárúkọ ẹni tó gbé ohùn yẹn sínú fáìlì, tàbí ẹni tó mọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pé ọ̀fun ọmọ ò dáa tó sì ní kó máa lọ. Bàbá ẹ̀ ṣì ni mánéjà ẹ̀ nígbà tó lọ sí Miami.